Ẹ Bi Nọ́ọ̀sì: Kí Ló Dé Tí Sójà Ara Àbúrò Mi Ní London Fi Ju Tèmi Lọ?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀ gan-an, àmọ́ èyí tó wá láti Ìbàdàn ni kò jẹ́ kí n tètè sùn, torí mo ti gbọ́ ìbéèrè yẹn láìmọye ìgbà nígbà tí mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Orí bẹ́ǹṣì níwájú kílíníìkì ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, èèyàn á yọ káàdì rẹ̀, á fi wé ti ẹni tó jókòó tì í, ojú á sì dàrú. Mo wá kó gbogbo lẹ́tà tó jọ ọ́ pa pọ̀. A ò dárúkọ ẹnikẹ́ni, ẹ fọkàn balẹ̀. Fún ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí: sójà ara ni àwọn sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀jẹ̀ tó ń bá àrùn jà, CD4 ni wọ́n ń kọ sórí káàdì; HIV ni kòkòrò tó ń pa wọ́n; fáírọ́ọ̀sì lóòdù ni iye kòkòrò náà nínú ẹ̀jẹ̀.

*Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń lo oògùn kòkòrò apa sójà ara, mi ò pa á jẹ rí àfi ọjọ́ méjì tí mo lọ sìnkú ní Ìsẹ́yìn tí mo gbàgbé oògùn sílé. Àbúrò mi obìnrin tó wà ní London náà ní kòkòrò yìí, ọdún kan náà la bẹ̀rẹ̀ oògùn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló fi résọ́ọ̀tì CD4 tiẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, 680! Tèmi 260. Lọ́dún tó kọjá 285 ni, ó tún wá ń lọ sílẹ̀. Ìgbà tí wọ́n rí tèmi, ikọ́ ife ló gbé mi dé ọsibítù, 61 péré ni sójà ara mi. Tiẹ̀, ìgbà tó lóyún ni wọ́n rí i, 450. Dolutegravir ló wà nínú oògùn tèmi, òun náà ló wà nínú tiẹ̀. Ṣé ayédèrú ni wọ́n ń kó wá fún wa ní Nàìjíríà ni àbí ẹ̀jẹ̀ wa ló yàtọ̀? Ti fáírọ́ọ̀sì lóòdù, wọ́n ní àwọn ò rí nǹkan kan nínú ẹ̀jẹ̀ mi. Ọkàn mi ò balẹ̀ mà.* (Ìbàdàn)

Àǹtí Ìbàdàn, ẹ kú ìfaradà. Kí n tó sọ nǹkan kan, ẹ mú bírò. 260, ẹ yọ 61 kúrò nínú ẹ̀, ó ku 199. Ti àbúrò yín, 680, ẹ yọ 450, ó ku 230. Ṣé ẹ rí i báyìí? Láàárín ọdún mẹ́rin ẹ̀yin méjèèjì jọ kó sójà tuntun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba ni, 31 péré ló fi jù yín lọ. Ibi tí kálukú ti gbéra ló yàtọ̀. Ẹni tó wọkọ̀ ní Ìwó Road àti ẹni tó ti wà ní Ṣágámù tẹ́lẹ̀, kí àwọn méjèèjì gbéra láago mẹ́jọ, kí eré ọkọ̀ wọn dọ́gba, ta ni ẹ rò pé á kọ́kọ́ rí Òjóta? Ẹ ò ní torí ìyẹn sọ pé ọkọ̀ ẹni Ìbàdàn ò ní ẹ́ńjìnì.

Mi ò sọ èyí láti fi rẹ̀ yín lẹ́kún o. Lọ́dún 2006 ìwé ìròyìn ìṣègùn tí wọ́n ń pè ní Lancet gbé iṣẹ́ kan jáde, wọ́n kó àkọsílẹ̀ àwọn tó lé ní 4,800 jọ láti àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó, ní Áfíríkà, Éṣíà àti Gúúsù Amẹ́ríkà, wọ́n fi wé ti àwọn tó lé ní 22,000 ní Yúróòpù àti Àríwá Amẹ́ríkà. Lọ́jọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn, ẹni tó wà ní àárín méjì láàárín àwọn tiwa ní sójà 108, tọ̀hún ní 234. Ẹ wá wo iye tó lé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, 106 fún tiwa, 103 fún tiwọn. Àní tiwa fi mẹ́ta jù wọ́n lọ! Kòkòrò náà sì wálẹ̀ bákan náà, 76 nínú 100 níhìn-ín, 77 lọ́hùn-ún. Ibi tó ti burú ni ikú. Lóṣù àkọ́kọ́, ikú tó pa àwọn tiwa lé ní ìlọ́po mẹ́rin ti àwọn tọ̀hún, ìgbà tó fi máa di ìparí ọdún àlàfo yẹn ti dín kù gan-an. Ìyẹn ni pé ẹni tó bá la oṣù mẹ́ta mẹ́rin àkọ́kọ́ já, oògùn ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lára rẹ̀ bó ṣe ń ṣe é lára òyìnbó, ẹni tí kò là á já sì rèé, ó ti pẹ́ kó tó dé ni.

Mo fẹ́ràn ìwádìí kejì jù, nítorí pé ìlú méjì tí èèyàn lè fojú inú rí ni wọ́n fi wéra: Khayelitsha àti Gugulethu, àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù ní Cape Town ní South Africa, àti Switzerland, ìlú olówó. 2008 ni wọ́n gbé e jáde. Ní Cape Town wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 80, ní Switzerland 204. Àwọn Switzerland ní oríṣi àpapọ̀ oògùn 36 tí dókítà lè mú nínú ẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, àwọn Cape Town ní mẹ́rin. Mẹ́rin péré o! Síbẹ̀ oògùn mẹ́rin yẹn lu kòkòrò náà bolẹ̀ lọ́nà tó jọ ti 36. Ikú àwọn oṣù àkọ́kọ́ ló tún ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ jù. Torí náà tẹ́nikẹ́ni bá ní oògùn tí wọ́n ń fún mẹ̀kúnnù ò dáa, ẹ sọ fún un pé nọ́ọ̀sì ní irọ́ ni. Tiyín gan-an, ẹ̀rí ẹ̀ ti wà lọ́wọ́ yín: wọn ò rí kòkòrò nínú ẹ̀jẹ̀ yín. Ayédèrú kì í pa kòkòrò lẹ́nu mọ́.

Ohun tó yẹ kó máa bí wa nínú ni 61 yẹn. Ẹni tí ara rẹ̀ le, sójà rẹ̀ máa ń wà láàárín 500 sí 1,500, tó bá ti lọ sábẹ́ 200 a ti ń sọ̀rọ̀ éèdì nìyẹn. Kí 500 tó di 61 lára èèyàn ọdún máa ń kọjá, ọdún gidi, ọdún tí ẹ fi ń lọ sọ́jà, tí ẹ fi ń lo oògùn ibà, tí ẹ ń lọ sọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì, tí ẹ ń ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ríru, tí ẹnikẹ́ni ò sì sọ pé ẹ jẹ́ ká wo èyí náà. Àbúrò yín, oyún ló yọ ọ́, torí níbẹ̀ gbogbo aláboyún ni wọ́n ń bi bóyá wọ́n á ṣe tẹ́ẹ̀sì. Ká ní oyún ò dé ńkọ́, bóyá òun náà á bẹ̀rẹ̀ ní 61.

Àwa náà ṣẹ̀, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Láyé ìgbà yẹn àjọ ìlera àgbáyé ní kí sójà ara èèyàn kọ́kọ́ lọ sábẹ́ 200 ká tó fún un ní oògùn, àfi tó bá ti ń ṣàìsàn gidi. 2010 wọ́n gbé e sí 350, 2013 wọ́n gbé e sí 500, 2015 ni wọ́n tó wá ní ẹni yòówù tó bá ní kòkòrò kó bẹ̀rẹ̀ láìka iye sójà ara rẹ̀ sí, Nàìjíríà gbà á lọ́dún 2016. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi dá èèyàn padà sílé, pé ẹ padà wá lóṣù mẹ́fà, sójà yín ṣì pọ̀. Àwọn kan ò padà wá mọ́. Iṣẹ́ tó yí ìwé òfin yẹn padà, apá kan nínú ẹ̀, Àbíjàn ni wọ́n ti ṣe é, Àbíjàn tí àwọn ará Èjìgbò kún inú ẹ̀ yẹn, àwọn èèyàn tó lé ní 2,000, wọ́n rí i pé kéèyàn bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ dín àìsàn líle àti ikú kù tó 44 nínú 100. Aláwọ̀ dúdú ni wọ́n fi ṣe é o, kì í ṣe èyí tí wọ́n rà wá láti òkè òkun.

Ṣé ibi téèyàn ti gbéra nìkan ni? Rárá, mi ò ní tàn yín. Àwọn nǹkan mìíràn wà tó ń fa ọwọ́ aago sẹ́yìn níhìn-ín. Ikọ́ ife wà níbẹ̀, ẹ̀yin náà ti jẹ ẹ́. Ibà wà, aràn wà, oúnjẹ tí kò tó wà. Ara tó ń bá nǹkan mẹ́ta mẹ́rin jà látìgbà èwe, ṣe ló máa ń rán sójà jáde lójoojúmọ́, kò sí ọjọ́ ìsinmi, wọ́n á máa gbó kí wọ́n tó dàgbà. Ní Etiópíà, àwọn tí kò ní kòkòrò yìí rárá, tí ara wọn dá ṣáṣá, sójà ara wọn kéré ju ti àwọn ará Netherlands lọ, àwọn olùwádìí orílẹ̀-èdè méjèèjì jọ ṣe é pa pọ̀ ni. Àwọn ará Etiópíà tó kó lọ sí Ísírẹ́lì, wọ́n yẹ̀ wọ́n wò níbẹ̀, wọ́n bá sójà ara wọn nínú ìrúkèrúdò tí àwọn tó ti pẹ́ níbẹ̀ kò ní, wọ́n sì rí i pé aràn àti àwọn àrùn àtilé wá lọ́wọ́ nínú ẹ̀. Ní Uganda wọ́n gé díẹ̀ nínú kókó abíyá àwọn èèyàn wò, ẹ mọ kókó tó máa ń wú lábẹ́ apá tàbí lọ́rùn tí egbò bá wà, ibẹ̀ ni bárékè àwọn sójà yìí. Wọ́n bá bárékè náà tó ti le gbandi bí ojú àpá, kódà lára àwọn tí kò ní kòkòrò. Sójà tí kò ní ibi tó máa sùn, báwo ló ṣe fẹ́ pọ̀?

Ọjọ́ orí náà wà ńbẹ̀. Ẹ̀yà ara kékeré kan wà lẹ́yìn eegun àyà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ sójà tuntun níṣẹ́, bí èèyàn ṣe ń dàgbà ló ń súnkì, torí náà ọmọ ọdún 22 á yára kó sójà jọ ju ẹni ọdún 50 lọ. Obìnrin sì máa ń ṣe dáadáa ju ọkùnrin lọ níbi yìí, ẹ fìyẹn dúpẹ́.

285 tó di 260 yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbàgbé ẹ̀. Iye yìí kì í dúró lójú kan, ó máa ń kéré láàárọ̀ kó pọ̀ nírọ̀lẹ́, ibà kékeré á fà á wálẹ̀, oyún á fà á wálẹ̀, àìsùn dáadáa náà ńkọ́. Kó tó yàtọ̀ tó nǹkan bí 30 nínú 100 a kì í pariwo. Tó bá wá jábọ́ sí 150 lójijì, ẹ má dúró de ọjọ́ ìpàdé, ẹ lọ lọ́jọ́ náà.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe: kí ẹ máa bèèrè fáírọ́ọ̀sì lóòdù ṣáájú CD4. Ẹni tí wọn ò bá rí kòkòrò nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tí sójà ara rẹ̀ sì ti kọjá 200, ewu àìsàn ńlá ti jìnnà sí i gan-an, ì báà má dé 500 láéláé. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ bíi tiyín kì í dé 500 kódà lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń bímọ, wọ́n ń rí ọmọ ọmọ. Ẹ bi wọ́n bóyá ẹ ṣì nílò Septrin, oògùn tí wọ́n fi ń dènà àwọn àrùn mìíràn, ẹ má fúnra yín dá a dúró. Ẹ bi wọ́n nípa abẹ́rẹ́ àjẹsára hepatitis B. Tí ẹnikẹ́ni nínú ilé bá ń wúkọ́ tó lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ wọ́ ọ lọ fún àyẹ̀wò. Ẹ sì jọ̀wọ́, oògùn yín, ọjọ́ ìsìnkú kẹ̀, inú báàgì tí owó aṣọ ẹbí wà ni kó wà!

*Ẹ káàárọ̀ mà. Mẹkáníìkì ni mí, CD4 mi jẹ́ 310. Ọkùnrin kan ń polówó lórí rédíò níbí, ó ní àgbo onígò dúdú tòun, ₦18,000, láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ CD4 á di 1,000. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ní kí n rà á. Ṣé kí n rà á mà?* (Òṣogbo)

Ọmọ mi, fi ₦18,000 yẹn ra ẹyin àti ẹja.

Wò ó, ká tiẹ̀ ní ọkùnrin yẹn ń sọ òótọ́, ká ní CD4 rẹ di 1,000 lóòótọ́. Wọ́n ti dán irú ẹ̀ wò rí, kì í ṣe àgbo, abẹ́rẹ́ olówó gọbọi kan tí wọ́n ń pè ní interleukin-2, èròjà tí ara fúnra ẹ̀ fi ń pe sójà jáde. Iṣẹ́ ńlá méjì, àwọn tó wọlé sí i lápapọ̀ lé ní 5,800, àbájáde jáde lọ́dún 2009. Sójà ara àwọn tó gba abẹ́rẹ́ náà pọ̀ sí i lóòótọ́, inú gbogbo èèyàn dùn. Wọ́n wá wo ta ló ṣàìsàn, ta ló kú. Dọ́gbadọ́gba! Àwọn tó gba abẹ́rẹ́ àti àwọn tí kò gbà á, kò sí ìyàtọ̀, àfi ibà, ara ríro àti àwọn wàhálà mìíràn tí abẹ́rẹ́ náà fà. Sójà tí wọ́n kó jáde ní tipátipá, tí kò mọ ìbọn yìn, kí ló wúlò fún? Torí ẹ̀ ni inú fi ń bí mi tí mo bá gbọ́ ìpolówó yẹn, wọ́n ti mọ̀ pé nọ́ńbà ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wá, nọ́ńbà náà ni wọ́n wá ń tà fún wa.

Ohun kan tún wà tí àwọn oníkẹ́míìsì kì í sọ. Oògùn tí dolutegravir wà nínú ẹ̀, kò bá kálísíọ̀mù, áyọ́ọ̀nù àti oògùn inú yíyún rẹ́. Oògùn ẹ̀jẹ̀, fítámì alákálísíọ̀mù, àwọn nǹkan funfun tí wọ́n ń lá fún ọgbẹ́ inú, tó o bá gbé wọn mì pọ̀ láìjẹun wọ́n á dè é mọ́lẹ̀ nínú ìfun, kò ní wọ ẹ̀jẹ̀ tó. Lo oògùn rẹ ní wákàtí méjì ṣáájú wọn tàbí wákàtí mẹ́fà lẹ́yìn wọn. Àgbo ní tiẹ̀, ta ló mọ ohun tó wà nínú ìgò dúdú? Èmi ò mọ̀, ìwọ ò mọ̀, ọkùnrin orí rédíò ò ní sọ.

*Ẹ kú déédéé ìwòyí. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti ṣiṣẹ́ ní Bissau fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó padà wálé. Wọ́n fún un ní oògùn, oògùn àtijọ́ tí efavirenz wà nínú ẹ̀, ó ń lò ó déédéé, síbẹ̀ sójà ara rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. Wọ́n ń sọ pé kì í lò ó. Mo rí i tó ń lò ó pẹ̀lú ojú mi. Kí ló lè fà á?* (Kétu, Bẹ̀nẹ̀)

Ìyàwó àtàtà, ẹ ṣeun tí ẹ gbà á gbọ́. Kòkòrò yìí pín sí méjì, ti àkọ́kọ́ tó kárí ayé, àti èkejì, HIV-2, tó jẹ́ pé ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà tiwa yìí ló pọ̀ sí, Guinea-Bissau àti Senegal ni wọ́n sì ti tètè rí i láàárín ọdún 1985 àti 1986. Èkejì yìí kì í tètè pa èèyàn, àmọ́ efavirenz àti nevirapine ò ràn án rárá, bíi ká da omi sẹ́yìn ewúrẹ́. Bẹ́ẹ̀ oògùn méjì yẹn ni gbogbo wa gbára lé fún ọ̀pọ̀ ọdún! Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ka iye kòkòrò ní ọ̀pọ̀ ibi náà kì í rí èkejì, á ní kò sí nǹkan kan, sójà á sì máa ṣòfò. Ẹ ní kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò tó ń ya èkíní sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì, tó bá jẹ́ èkejì ni, dolutegravir ń ṣiṣẹ́ fún un. Kí wọ́n má sì fi ọ̀lẹ kàn án mọ́.

*Good evening Ma. Manchester ni mo wà, ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí. Consultant mi sọ pé àwọn tó wá láti Áfíríkà, CD4 wọn kì í gòkè tó ti àwọn tí wọ́n bí síbí. Ó dùn mí. Ṣé àwọ̀ wa ni?* (Manchester)

Mo gbọ́ ọ, ọmọ Ìjẹ̀bú. Dókítà rẹ ò purọ́, àwọn ìwádìí láti Yúróòpù sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ àlàyé ló kù. Kò sí ẹni tó rí nǹkan kan nínú àwọ̀. Ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn tó wá láti Áfíríkà máa ń pẹ́ kí wọ́n tó ṣe tẹ́ẹ̀sì, ìdí ẹ̀ kò sì farasin fún èmi àti ìwọ: ẹ̀rù ìwé ìgbélùú, ẹ̀rù pé ará ṣọ́ọ̀ṣì á rí mi ní kílíníìkì, iṣẹ́ òru tí kò jẹ́ kéèyàn rí GP, dókítà àdúgbò. Ikọ́ ife tún lè ti wà lára láti ilé. Bárékè tó le gbandi tí mo sọ fún Àǹtí Ìbàdàn lókè, òun náà kì í dúró sí éápọ́ọ̀tù, bá a bá wọ bàálù yóò bá wa lọ.

Irú kòkòrò náà sì yàtọ̀ láti ibì kan síbòmíì. Èyí tó pọ̀ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ni B, ti gúúsù Áfíríkà àti Etiópíà ni C, Nàìjíríà ní G àti àdàlù kan tí wọ́n ń kọ ní CRF02_AG, Uganda ní A àti D, D yẹn sì máa ń yára ba sójà jẹ́ fún ẹni tí kò lo oògùn. Oògùn òde òní ń ṣiṣẹ́ fún gbogbo wọn, kò sí èyí tó o máa tìtorí ẹ̀ pàdánù oorun.

Tó o bá ní ọ̀rẹ́ níbẹ̀ tí kò ní ìwé, tó ń sá, sọ fún un pé láti oṣù kẹwàá ọdún 2012, ìtọ́jú kòkòrò yìí ti di ọ̀fẹ́ ní England fún ẹnikẹ́ni, ó níwèé, kò níwèé. Ọ̀pọ̀ èèyàn wa ò tíì gbọ́ o, mo ń bá wọn sọ ọ́ lórí fóònù wọ́n ń ní irọ́ ni.

*Mà, ṣé oògùn aràn lè gbé CD4 sókè? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má jẹ́ kó gùn.* (Ìkòròdú)

Ó dáa. Wọ́n dán an wò ní Kenya, wọ́n ń fún àwọn tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ oògùn kòkòrò ní oògùn aràn lóòrèkóòrè, kò dá ìṣubú sójà dúró. Tó o bá ní aràn, lò ó nítorí aràn.

*Ẹ kú iṣẹ́ mà. Èmi ń lo oògùn, wọn ò rí kòkòrò mọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ mi. Ọkọ mi kọ̀ láti ṣe tẹ́ẹ̀sì. Ó ní tèmi ti tó fún àwa méjèèjì, pé ara òun le, àti pé tí òun bá ti ṣàìsàn òun á lọ. Ẹ bá mi sọ̀rọ̀ sí i, ó máa ń ka ìwé ìròyìn yìí.* (Abẹ́òkúta)

Ọkọ Abẹ́òkúta, ẹ kú ilé o. Mo mọ̀ pé ẹ ń kà á.

Ẹ̀yin ọkùnrin lẹ máa ń bá mi nínú jẹ́ jù. Àwọn obìnrin, oyún á gbé wọn dé, ọmọ á gbé wọn dé. Ọkùnrin, àfi tí wọ́n bá fi kẹ̀kẹ́ márúwá gbé e dé, sójà 40, ẹnu ti kún fún funfun. Ìwádìí kan wà tí wọ́n ṣe ní Zimbabwe, Uganda, Malawi àti Kenya, 1,805 èèyàn tó jẹ́ pé gbogbo wọn ló dé nígbà tí sójà ara wọn ò tó 100. Wọ́n fún ìdajì wọn ní àkójọ oògùn ìdènà sí i, ti ikọ́ ife, ti àrùn fọ́ńgọ́ọ̀sì, ti aràn, kí ó lè gbà wọ́n. Láàárín ọ̀sẹ̀ 24, ikú tó jẹ́ 12.2 nínú 100 wá di 8.9. A dúpẹ́ fún 8.9, àmọ́ ẹ tún un kà. Pẹ̀lú gbogbo oògùn yẹn, nínú èèyàn mọ́kànlá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹnìkan ló ń lọ. Ibi tí ẹ ní ẹ máa dúró dè nìyẹn, tí ẹ bá ní ó dìgbà tí ẹ bá ṣàìsàn.

Ìlú yín ni Fela ti wá. Nígbà tó kú ní oṣù kẹjọ ọdún 1997, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tó ti ṣe mínísítà ìlera rí, jókòó síwájú àwọn oníròyìn ó sì là á mọ́lẹ̀ pé éèdì ni. Nígbà yẹn kò sí oògùn tí ìjọba ń fúnni nílẹ̀ yìí. 2002 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, ₦1,000 lóṣù, fún 10,000 àgbàlagbà péré nínú gbogbo Nàìjíríà. Mo rántí ìlà tó máa ń wà. Láti 2006 ó ti di ọ̀fẹ́, àní bí wọ́n ṣì ń gba owó káàdì níbì kan. Èyí tí àwọn kan kú nítorí àtirí, ìyẹn lẹ ń fi ẹsẹ̀ tì.

Ìyàwó yín ò lè kó o ràn yín báyìí, ẹ má wá torí ìyẹn bínú sí i. Ẹni tí wọn ò rí kòkòrò nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tó ń lo oògùn déédéé, kì í kó o ran ẹni tó bá bá a sùn. Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ tiyín ńkọ́, bí kòkòrò bá ti wọ inú ẹ̀ ṣáájú kí tiẹ̀ tó lọ sílẹ̀?

Ìyàwó, ìwọ ni mo ń bá sọ̀rọ̀ báyìí. Ra ohun ìdánwò tí wọ́n ń fi pá èèrìgì ní kẹ́míìsì, OraQuick ni wọ́n kọ sára ẹ̀, kò sí abẹ́rẹ́, kò sí ẹ̀jẹ̀. Ìwọ má lò ó o, ẹni tó ti wà lórí oògùn, ó lè parọ́ fún un. Gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì omi rẹ̀, má sọ̀rọ̀ kankan. Kó má jẹun, kó má mu nǹkan kan fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣáájú. Kó fi pá èèrìgì òkè lẹ́ẹ̀kan, ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó kì í bọ inú ìgò kékeré yẹn, kó wo aago. Kó máà kà á kó tó pé 20 ìṣẹ́jú, kó máà jẹ́ kó kọjá 40. Ìlà kan, ó bọ́, kó tún un ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ìlà méjì, ẹ jọ lọ sí kílíníìkì láàárọ̀ ọjọ́ kejì kí wọ́n tún un yẹ̀ wò, bí wọ́n bá sì rí i, kó bẹ̀rẹ̀ oògùn lọ́jọ́ yẹn gan-an, nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le bó ṣe wí.